Ìlà Mẹ́jọ Nínú Ìwé Odò

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní ìlú òyìnbó. Wọ́n ti kìlọ̀ òtútù fún mi, wọ́n sì ti fún mi ní kóòtù kan tó wúwo bí àpò iyọ̀. Odò wọn ló yà mí lẹ́nu. Ó gba àárín ìlú kọjá, wọ́n fi bíríkì mọ etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde, mo dúró lórí afárá, mo ka bíríkì láti òkè dé ibi tí omi wà: mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kejì mo tún kà á, mọ́kànlá. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mọ́kànlá náà ni. Mi ò mọ ohun tí èèyàn ń fi odò tí kì í kún, tí kì í fà, ṣe.

Odò kíkà ni iṣẹ́ mi. Ọmọ Oworo ni mí, láti abúlé kan lẹ́yìn Òkè Pàtí, ṣùgbọ́n Lọ́kọ́ja ni mo ti di àgbà. Létí Odò Ọya, nísàlẹ̀ ibi tí òun àti Bẹ́núè ti pàdé, ìjọba ri òpó kan mọ́lẹ̀ tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Láràárọ̀, ní aago mẹ́fà, màá lọ wo ibi tí omi dé lára òpó náà, màá sì kọ ọ́ sínú ìwé: ẹsẹ̀ bàtà mélòó, ínṣì mélòó. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ṣe é kí n tó kúrò nílé. Mi ò lọ sí ilé ìwé ní kékeré. Nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ mọ̀, nítorí iṣẹ́ yẹn. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa kí n tó mọ A yàtọ̀ sí B, ní kíláàsì àwọn àgbà tí a máa ń ṣe nírọ̀lẹ́. Ràmátù ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo mọ gíga odò kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀.

Òyìnbó tó gbà mí síṣẹ́ fún mi ní òfin kan péré. Ohun tí mo bá fi ojú rí ni kí n kọ. Ọjọ́ tí mi ò bá rí odò, kí n fa ìlà kékeré síbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, kí n má ṣe méfò. Ó padà sí ìlú rẹ̀, òmíràn dé, òun náà lọ. Mo ń pa òfin náà mọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, wọ́n ń múra láti sé Odò Ọya lókè lọ́hùn-ún. Àwọn ẹnjiníà kan nílùú òyìnbó fẹ́ mọ bí odò náà ṣe ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní kí wọ́n kó ìwé mi wá. Nígbà tí wọ́n rí ìwé náà tán, wọ́n ní kí wọ́n mú ẹni tó kọ ọ́ wá, nítorí àwọn kò lè ka ìkọ̀wé rẹ̀. Bí mo ṣe lọ nìyẹn, èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta, tí ìyàwó mi ti kú, tí ọmọ mi kan ṣoṣo ti wà nílé ọkọ. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo lò.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì, mo kí gbogbo èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹnì karùn-ún, gbogbo yàrá ti dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Lọ́jọ́ kejì mo sọ “gúdù mọ́nìn” kan ṣoṣo sí gbogbo wọn, mo sì jókòó. Ó ṣe mí bíi pé mo gba fèrèsé wọlé.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé odò sókè. Ọmọbìnrin kan máa ń tẹ nọ́ńbà tí mo bá kà, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì máa lu ihò sára ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn bí ọ̀já, téèpù ni wọ́n ń pè é. Ihò yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kà. Kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ wà nínú yàrá tirẹ̀, ó dà bíi kọ́bọ́ọ̀dù onírin márùn-ún tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sí i lára tọ̀sán-tòru. Nílùú tí òtútù ń mú gbogbo wa, wọ́n tún ń wá òtútù kún òtútù fún ẹ̀rọ. Mo wo èyí títí, mi ò rí ìdí rẹ̀, mi ò sì béèrè.

Oṣù mẹ́ta pé, a ka ìwé tán. Mo ti ń di ẹrù mi nígbà tí Mísì Wínì pè mí. Òun ló ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti Sàfíyà ọmọ mi. Ó ní mo mọ odò yìí ju gbogbo àwọn lọ. Nígbàkígbà tí òun bá fẹ́ bi ẹ̀rọ ní nǹkan nípa odò, èmi ni òun máa ń kọ́kọ́ bi. Ó ní ṣé kò ní dára kí n kọ́ èdè ẹ̀rọ náà, kí n máa bi í fúnra mi? Mo rò pé àwàdà ni. Ọ̀gá wa, ọkùnrin gíga kan tí páìpù kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, buwọ́ lu ìwé pé kí n dúró sí i.

Wọ́n ń pe èdè náà ní Algol. Ẹ̀rù kò bà mí. Ní Lọ́kọ́ja, èèyàn lè sọ èdè mẹ́rin kó tó jẹun àárọ̀: Oworo nínú ilé, Núpé pẹ̀lú apẹja, Haúsá lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì níbi iṣẹ́. Mo sọ pé ẹ̀karùn-ún dé. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá ṣi Núpé sọ, apẹja á rẹ́rìn-ín mi, á sì fún mi lẹ́ja. Ẹ̀rọ yìí kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í fún èèyàn ní nǹkan kan. Bí mo bá gbàgbé kọ́mà kékeré tí wọ́n gbé àmì ìdánudúró lé lórí, èyí tó gbọ́dọ̀ pín gbolóhùn kan sí èkejì, á tẹ nọ́ńbà kan jáde, á sì dákẹ́. Mísì Wínì ní ìwé kan tó ń sọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé náà máa ń sọ pé àṣìṣe wà níbì kan. Kì í sọ ibẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló tètè yé mi. Kí èèyàn tó lo orúkọ kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ẹni tó ń jẹ́ ẹ han ẹ̀rọ. Eléyìí ń jẹ́ Ọjọ́, nọ́ńbà tí kò ní ìdajì ni. Eléyìí ń jẹ́ Omi, òun lè ní ìdajì. Bí àlejò bá wọlé tọ̀ wá, bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. A ó mọ orúkọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Mísì Wínì pé nínú gbogbo ọ́fíìsì náà, ẹ̀rọ yìí nìkan ló ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó rẹ́rìn-ín. Kò sọ ọ́ fún àwọn yòókù.

“Begin” àti “end” ni wọ́n fẹ́ fi pa mí. Bí mo bá fi “begin” ṣí nǹkan, mo gbọ́dọ̀ fi “end” tì í. Bí mo bá tún ṣí òmíràn nínú rẹ̀, ti inú ni kí n kọ́kọ́ tì kí n tó ti ti ìta, bíi yàrá inú ilé. Mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rin, màá ti mẹ́ta, màá sì gbé iṣẹ́ lọ fún ẹ̀rọ pẹ̀lú ìdánilójú. Mísì Wínì á fi pẹ́ńsù fa ìlà láti “begin” kọ̀ọ̀kan lọ sí “end” tirẹ̀, á sì na ìka sí èyí tí kò ní ẹnì kejì. Kò fìgbà kan kanra mọ́ mi. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ojú máa tì mí.

Lọ́jọ́ kan ó kọ ọ́ pé kí Ọjọ́ di Ọjọ́ àti ẹyọ kan. Mo wò ó. Báwo ni nǹkan ṣe máa di ara rẹ̀, tó tún máa fi ẹyọ kan ju ara rẹ̀ lọ? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé e ká. Mo ń rò ó lórí afárá, mo ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Bí mo bá ní Ọjọ́ jẹ́ márùn-ún, báwo ni márùn-ún ṣe máa di mẹ́fà láìjẹ́ pé irọ́ ni mo pa tẹ́lẹ̀?

Rájí ló gbà mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, kíṣìnnì kan náà la jọ ń lò. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó sì ń ka ìwé lọ́ọ̀yà nígbà tó bá ráyè. Kì í jẹ́ kí Oworo tí mo ń sọ sinmi, pàápàá “Òkun” tí àwa fi ń kíra wa. Bí mo ṣe wọlé báyìí, á ní:

“Bàbá Lọ́kọ́ja, ẹ̀rọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí Òkun bí?”

“Kò tíì mọ ẹ káàárọ̀, ká tó wá sọ Òkun.”

Lọ́jọ́ yẹn mo sọ ohun tó ń dà mí láàmú fún un. Ó da ìrẹsì sínú abọ́ méjì, ó ní ọdún mélòó ni mí. Mo ní èwo ni tirẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n ṣáà dáhùn. Mo sọ.

“Lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ máa lọ ra ọjọ́ orí tuntun ni, àbí ẹ máa mú ti tẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan lé e?”

Mo fa abọ́ mi mọ́ra.

“Ohun tí ẹ̀rọ yín ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ bu ọbẹ̀.”

Bó ṣe yé mi nìyẹn. Ẹni tí kò rí kọ̀ǹpútà rí ló là á fún mi, ó sì fi mí ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà.

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nílé, gbogbo èèyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo lè jókòó láàárín èèyàn mẹ́wàá láti ọ̀sán dìrọ̀lẹ́ kí n má la ẹnu, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé mi ò sí níbẹ̀. Ràmátù ló ń sọ ìdajì tèmi mọ́ tirẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn ará àdúgbò gbà á sọ. Wọn á ní, “Bàbá Sàfíyà ò fẹ́ ìyẹn,” mi ò sì ní fẹ́ ẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nílùú òyìnbó, bí mo bá dákẹ́, wọ́n á gbà pé n kò ní nǹkan kan láti sọ. Ọ̀rọ̀ mi ò dé ọ̀dọ̀ ẹnì kankan àyàfi tí mo bá gbé e débẹ̀ fúnra mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì bóyá ẹni tí mo jẹ́ ní Lọ́kọ́ja wà nínú mi, àbí ara àwọn tó mọ̀ mí ló wà. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ èwo ni.

Lọ́jọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, Sàfíyà máa ń rìn kọjá gbàgede Paparanda lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, á jókòó dìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Èmi náà á dúró nínú àpótí tẹlifóònù lọ́dọ̀ tèmi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún wa. À ń fi méjì kíra wa. “Òkun o, Bàbá.” Bí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, mi ò tún rántí ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo máa ń béèrè odò. Á ní ó ti ń fà, tàbí ó ti ń wú. Mo máa ń fẹ́ bi í pé ínṣì mélòó.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹsàn-án, mo ti lè kọ iṣẹ́ kékeré fún ẹ̀rọ. Mo kọ èyí tó máa wá ọjọ́ tí omi kéré jù nínú ọdún kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó pọ̀ jù. Ìgbà kẹrin ló tó gbà á. Ẹ̀rọ náà tẹ ìwé jáde, Mísì Wínì ya á, ó kà á, ó sì tún un kà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ ṣe sọ, lọ́dún kan báyìí, nínú oṣù September, Odò Ọya gbẹ pátápátá fún ọjọ́ mẹ́jọ. Òfo ni omi wà lára òpó.

Ọmọbìnrin tó ń lu ihò ní á jẹ́ pé àwọn ará Lọ́kọ́ja fi ẹsẹ̀ rìn lọ sódìkejì odò lọ́sẹ̀ yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ ọjọ́ wo ni kí wọ́n tó ṣí ìwé.

Nínú ìwé mi, ìlà kékeré mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Nígbà tí mo kà á sókè fún ọmọbìnrin náà lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ìlà ni mo pè é. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń fẹ́ nọ́ńbà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, òun náà sì tẹ òfo. Ta ni mo fẹ́ bá wí?

Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Ó ní ọdún yẹn ni omi pọ̀ jù nínú gbogbo ìwé mi, omi yẹn gan-an ni àwọn tó fẹ́ sé odò ń fẹ́ mọ̀, àárín rẹ̀ gan-an ni ihò sì wà. Ó bi mí pé níbo ni mo wà. Mo ní mi ò sí létí odò. Ó ní fún ọjọ́ mẹ́jọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró kí n sọ sí i. Mo ń wo ìwé náà.

Ó yọ páìpù lẹ́nu. Ó ní nǹkan méjì ló wà. Kí n fi nọ́ńbà tó bójú mu dí àyè náà, èmi tí mo mọ odò. Bí mi ò bá lè ṣe é, ẹni tó bá fi odò sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ lásìkò ìkún omi, àwọn kò mọ iye ìgbà mìíràn tó fi í sílẹ̀ tí kò fa ìlà. Wọ́n á gbé gbogbo ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì fi ìṣirò láti ibòmíràn ṣe iṣẹ́ wọn. Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì.

Ọdún méjìlélógún, láràárọ̀, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Mo padà sídìí tábìlì mi, mo mú pẹ́ńsù. Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìlà àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti ínṣì mẹ́rin ni mo kọ. Lọ́jọ́ tó tẹ̀lé ìlà ìkẹjọ, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ínṣì kan. Mo mọ bí odò ṣe ń gun òkè láàárín irú nọ́ńbà méjì bẹ́ẹ̀. Mo lè kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìwo òkè, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ láéláé. Mo gbé pẹ́ńsù lé ìlà àkọ́kọ́. Mo gbé e kúrò. Bóyá omi ti ga ju mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ láàárín kan, tó tún fà. Mi ò rí i. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, èyí tí mo rí náà máa di ohun tí ẹnì kankan kò rí. Orí mi dàrú. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ bá mi níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé náà.

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni. Mo dúró nínú àpótí tẹlifóònù lọ́sàn-án yẹn. Ohùn Sàfíyà dé.

“Òkun o, Bàbá.”

“Òkun o. Sàfíyà, lọ́jọ́ mẹ́jọ ìyá rẹ, níbo ni omi dé?”

Mo rò pé wáyà ti já.

“Bàbá, kí ni ẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

Mo sọ ọ́ fún un ní ṣókí. Ó ní òun kò mọ̀. Ó ní àwọn ẹbí ìyá òun wọ ọkọ̀ ojú omi wá kí wa, ṣùgbọ́n òun kò wo omi. “Ẹ̀yin náà ò wò ó. Orí ẹní lẹ jókòó sí títí tí wọ́n fi ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èmi ni mò ń dáhùn kíkí.” Lẹ́yìn náà ó ní: “Kí lẹ sọ fún àwọn òyìnbó yẹn?”

“Mo ní mi ò sí létí odò.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ìyẹn nìkan.”

“Bàbá, mi ò sí níbẹ̀ láti bá yín sọ ọ́. Ìyá náà ò sí níbẹ̀. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́.”

Obìnrin tó ń so wáyà pọ̀ fún wa ní àkókò ti pé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì mo tètè dé ọ́fíìsì. Mísì Wínì nìkan ló wà níbẹ̀, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà ní Gẹ̀ẹ́sì láti ilé, ṣùgbọ́n bí mo ṣe la ẹnu, gbogbo rẹ̀ tú. Mo fi ìka lé ìlà àkọ́kọ́. Mo ní ọjọ́ yìí ni ìyàwó mi kú. Mo fi ìka lé ìlà ìkẹjọ. Mo ní ọjọ́ yìí ni a parí àdúà rẹ̀. Láàárín méjèèjì, a kì í jáde nílé, nítorí àwọn èèyàn ń bọ̀ wá kí wa. Lọ́jọ́ kẹsàn-án mo lọ sí odò.

Ó wo ìka mi. Ó bi mí ní orúkọ rẹ̀.

“Ràmátù,” mo ní. Láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, mi ò tíì pe orúkọ náà sókè.

Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fa àga súnmọ́ mi. Ó ní ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òfo àti ohun tí a kò mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un. A gbọ́dọ̀ fún un ní nọ́ńbà kan tí odò kò lè jẹ́ láéláé, kí ó lè dá ọjọ́ wọ̀nyẹn mọ̀. Ó ní kí n mú un, èmi ni mo mọ odò. Mo rò ó. Mo mú 999. Bí Odò Ọya bá ga tó ìyẹn, àwọn tó wà lórí Òkè Pàtí nìkan ló máa kù ní Lọ́kọ́ja láti wá sọ ọ́. Ó ní ìyẹn dára.

Ó tẹ téèpù ọjọ́ mẹ́jọ náà tuntun. Ìyókù, ó ní tèmi ni.

Mo kọ ọ́. Bí Omi bá jẹ́ 999, kí ẹ̀rọ tẹ ọjọ́ nìkan, kó fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó tẹ Omi, kó fi í wé èyí tó pọ̀ jù, kí iye ọjọ́ tó kà sì di iye náà àti ẹyọ kan. Mo gbé e lọ. Ẹ̀rọ tẹ nọ́ńbà àṣìṣe, ó dákẹ́. Mo wá a, mi ò rí i. Mo gbé e lọ lẹ́ẹ̀kejì bó ṣe wà, bí ẹni tó rò pé ẹ̀rọ á ṣàánú mi. Nọ́ńbà kan náà. Aago mẹ́ta ti lù, ọ̀gá ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà. Mo mú pẹ́ńsù, mo fa ìlà láti “begin” kọ̀ọ̀kan sí “end” tirẹ̀ bí Mísì Wínì ṣe máa ń ṣe. Ọ̀kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn “else”, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ ń lò fún “bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀”, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu. Mo tì í.

Ẹ̀rọ náà ka téèpù tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé. Èmi àti Mísì Wínì dúró tì í. July kọjá, August kọjá. Nígbà tó dé September, ariwo rẹ̀ yí padà. Ìlà kúkúrú mẹ́jọ ló tẹ̀, ọjọ́ nìkan, kò sí nǹkan kan níwájú wọn. Lẹ́yìn náà, 33 àti ínṣì kan, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ iye ọjọ́ tó kà lọ́dún yẹn: 357.

Ọ̀gá wá mú un. Ó na páìpù sí àyè tó ṣófo, ó ní kí ni èyí. Mísì Wínì fẹ́ dáhùn. Mo ní kó jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́, kò ju gbolóhùn mẹ́ta lọ. Ọ̀gá gbé páìpù sílẹ̀. Ó ní ṣé lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo lọ sí odò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ní aago mẹ́fà? Mo ní ní aago mẹ́fà. Ó jókòó, ó kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé kí ó lọ bó ṣe wà, ó buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn tó jáde, ó tún yọjú padà, ó ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan fún mi.

Nírọ̀lẹ́ yẹn Rájí ní ojú mi yàtọ̀, àbí ẹ̀rọ ti ń sọ Oworo ni. Mo ní ó ti ń gbìyànjú.

Ní oṣù March, yìnyín yọ́ lórí àwọn òkè tó yí ìlú náà ká. Mo dúró lórí afárá láàárọ̀, mo ka bíríkì. Mẹ́wàá ni. Mo tún kà á, kí n má baà ṣì í. Mẹ́wàá. Obìnrin kan ń kọjá pẹ̀lú ajá rẹ̀, mo sọ fún un pé odò ti kún. Ó wo odò, ó wò mí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kún lóòótọ́. Ó lọ. Mo rò pé ọjọ́ yẹn nìkan ni mo bá ará ìlú náà sọ ohun tí àwa méjèèjì jọ rí.

Mo padà sílé. Mi ò lè sọ pé gbogbo rẹ̀ yé mi. Ìgbà mìíràn tí mo bá wà létí odò, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo ti gbàgbé “end” kan síbì kan lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo wà lọ́hùn-ún, bíi pé Lọ́kọ́ja ni mo gbàgbé rẹ̀ sí. Mo ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, Sàfíyà wá kí mi. Mo fún un ní ìwé ẹ̀rọ náà, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó gùn dé ẹnu ọ̀nà. Ó fi ìka tọ ọ̀nà ọjọ́ lọ. Ó dé September, ìka rẹ̀ dúró. Ó kà á sókè láti ọ̀kan dé mẹ́jọ.

“Wọn ò dí i,” ó ní.

Mo ní, “Wọn ò dí i.”

Ó ká ìwé náà dáadáa, ó gbé e sínú àpótí ìyá rẹ̀.